Ìṣúra Nínú Ìkòkò Amọ̀



Orí kejìlélọ́gbọ̀n ìwé wòlíì Jeremáyà, ẹsẹ kẹrìnlá, ni a mú ṣe ẹsẹ ọ̀rọ̀ wa ní oṣù yìí. A mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín kì í sábà dúró níbẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀ rírà ni, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kọ́ sórí bí Sáàmù. Ṣùgbọ́n ẹ wo àkókò tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Àwọn ará Bábílónì ti dó ti Jerúsálẹ́mù, ìyàn mú ní ìlú, wòlíì fúnra rẹ̀ sì wà ní àgbàlá túbú. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni ó ra oko ọmọ arákùnrin bàbá rẹ̀ ní Ánátótì. Ó wọn ṣékélì fàdákà mẹ́tàdínlógún, ó pe ẹlẹ́rìí, ó fi èdìdì dì í, ó sì fi ìwé náà lé Bárúkù lọ́wọ́. Àṣẹ tí ó pa fún Bárúkù ni pé kí ó kó ìwé wọ̀nyí sínú ìkòkò amọ̀, kí wọn kí ó lè wà fún ọjọ́ púpọ̀.

Èéṣe tí ó fi jẹ́ ìkòkò? Àpótí igi wà, ikán a sì máa jẹ ẹ́. Irin wà, ìpẹtà a sì máa bà á jẹ́. Bí a bá fi ìwé sínú ohun èlò wúrà, ọmọ ogun Bábílónì ìkíní tí ó bá wọlé ni yóò gbé e lọ. Ìkòkò amọ̀ ni ọ̀tá kò ní bojú wò. Ohun tí ó rọrùn jùlọ láti fọ́ nínú ilé, òun náà ni kò lè jẹrà nínú ilẹ̀. Àwọn tí ń wa ilẹ̀ láti mọ ìtàn àwọn ará ìgbàanì mọ èyí dájú: nígbà tí aṣọ, igi àti ara ènìyàn ti di erùpẹ̀ tán, àpáàdì ni ó kù tí ń jẹ́rìí.

Ọ̀rọ̀ àpáàdì yìí ni ó mú wa rántí ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a sì fẹ́ kí ẹ bá wa dé ibẹ̀ kí a tó padà sí ilé.

Burslem ni orúkọ ìlú náà, ní agbègbè Staffordshire. Ọ̀kan ni nínú àwọn ìlú mẹ́fà tí a so pọ̀ ní ọdún 1910 tí a ń pè ní Stoke-on-Trent. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò dára tó bẹ́ẹ̀ fún oko, ṣùgbọ́n amọ̀ wà nínú rẹ̀, èédú sì wà lábẹ́ amọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ fi di amọ̀kòkò. Wọ́n a máa wa amọ̀ títí kan ojú ọ̀nà, títí tí ọ̀nà yóò fi di kòtò. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwo pupa àti àwo dúdú ni wọ́n ń mọ, fún bọ́tà, fún ọtí, fún oúnjẹ àwọn tálákà. Amọ̀kòkò kan wà nínú wọn tí ń jẹ́ Thomas Toft. Òun a máa fi amọ̀ ṣíṣàn ya ọba, áńgẹ́lì àti ẹja tí ó ní orí obìnrin sára àwo ńláńlá, a sì máa kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sí etí àwo náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣìnà nípa ẹni tí ó ṣe é. Àwa kò dá a lẹ́bi. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ po amọ̀ ní òwúrọ̀ òtútù yóò mọ ìdí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ náà yí padà. Wọ́n kọ́ bí a ti ń da iyọ̀ sínú iléru nígbà tí iná bá gbóná dé òpin, tí iyọ̀ náà yóò di ooru, tí ooru yóò sì bo ara àwo bí ìgbà tí a fi òróró pa á. Èéfín iṣẹ́ náà a sì bo ìlú mọ́lẹ̀ tí ẹnìkan kò fi ní rí ẹnìkejì. Wọ́n kọ́ bí a ti ń lọ òkúta akọ mọ́ amọ̀ kí àwo lè funfun. Wọ́n kó amọ̀ funfun wá láti Devon àti Cornwall tí ó jìnnà réré. Ní ọdún 1765, Josiah Wedgwood, ọmọ Burslem, mọ àwo aláwọ̀ ìpara wàrà fún Ayaba Charlotte, àwo náà sì ti ipa bẹ́ẹ̀ gba orúkọ ayaba. Ilé amọ̀kòkò di ilé iṣẹ́ ńlá. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń fi ẹṣin méjì ru ìkòkò lọ sí ọjà di ẹni tí ń kó àwo sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà.

Nígbà tí nǹkan bá ń yí padà kíákíá báyìí, ohun tí ènìyàn ń kọ́kọ́ ṣe ni kí ó kó ti àtijọ́ dànù. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Burslem ṣe. Àwo funfun dé, a sọ àwo pupa sí ààtàn. Kò sí ẹni tí ó sunkún rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà láàrin wọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Enoch Wood ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní Burslem ní ọdún 1759, ó kọ́ iṣẹ́ amọ̀kòkò láti kékeré, ó sì di olórí ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tí ó tóbi jùlọ ní ìlú náà. Òwò rẹ̀ pọ̀; àwo aláràbarà búlúù tí ilé iṣẹ́ òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń tẹ àwòrán sí kún ilé àwọn ará Amẹ́ríkà. Ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ṣọ́ ohun tí yóò tà lọ́la nìkan. Ṣùgbọ́n Enoch Wood ń wá èyí tí a ti sọ nù. Ó ń kó àwo àwọn tí ó ti kú jọ, èyí tí ó rí wọ́gọwọ̀gọ pẹ̀lú èyí tí ó gún régé, ó sì tò wọ́n sí ipò ọdún wọn, kí ẹni tí ó bá wọlé lè fi ojú rí bí iṣẹ́ ìlú náà ti ń gòkè láti ìran dé ìran. Ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ nìkan ni ó tò síbẹ̀. Ọlọ́jà tí ń kó ọjà àwọn tí ó ti bá a díje jọ kò wọ́pọ̀ láyé.

Ní ọdún 1835, nígbà tí ó ti di arúgbó, ó mú 182 nínú àwọn àwo wọ̀nyí, ó sì fi wọ́n ta Ọba Saxony ní ilẹ̀ Jámánì lọ́rẹ. Ìlú Meissen, níbi tí a ti kọ́kọ́ mọ àwo tánganran gidi ní ilẹ̀ Yúróòpù, wà lábẹ́ ọba yìí. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò: kí ènìyàn kó àwo pupa tí àgbẹ̀ fi ń mu ọtí, kí ó fi ránṣẹ́ sí ààfin ọba tí ó ni tánganran tí ó dára jùlọ! Bí ó bá ṣe pé ojú ń ti Enoch Wood nítorí àwọn bàbá rẹ̀, ìbá ti yan kìkì èyí tí ń dán. Ó kú ní ọdún 1840. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ohun tí ó kù nínú àkójọ náà pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ; apá kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, apá kan sì wà ní Hanley, nítòsí ibi tí a ti mọ wọ́n, nínú ilé tí a kọ́ fún irú ohun àtijọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun méjì ni ó mú kí ìtàn ọkùnrin yìí kan Ìjọ. Ìkíní ni ti John Wesley. Àwọn ará wa Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n àlùfáà Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ni títí ó fi kú, nítorí náà a ní ìpín nínú rẹ̀. Àti pé kò yẹ kí a gbàgbé pé Thomas Birch Freeman, ọmọ Ìjọ wọn, ti dé Àgbádárìgì ní ọdún 1842 kí Henry Townsend tiwa tó dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1843. Nígbà tí Wesley kọ́kọ́ wàásù ní Burslem ní ọdún 1760, àwọn kan dúró tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì bu ògúlùtu ilẹ̀, ó sọ ọ́ lù ú ní ẹ̀gbẹ́ orí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀. Kò dá ìwàásù dúró. Ó tún padà wá, ó sì tún padà wá. Ní ọdún 1781, nígbà tí irun orí rẹ̀ ti funfun, ó jókòó ní Burslem kan náà níwájú ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 22 kan tí ń fi amọ̀ ya ojú rẹ̀. Enoch Wood ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ère orí Wesley títí dé àyà tí ó mọ nígbà náà ni a fi ń mọ ojú Wesley títí di òní, a sì ṣe púpọ̀ rẹ̀ tí ó wọ ilé àwọn tálákà. Ìlú tí ó fi ilẹ̀ sọ ọ́ ní orí, ilẹ̀ ìlú náà ni a fi mọ orí rẹ̀, tí a gbé e sórí pẹpẹ ilé.

Ìkejì ni ti ìjọ St Paul ní Burslem. Ní ọdún 1828, nígbà tí a ń fi ìpìlẹ̀ ilé ìjọsìn náà lélẹ̀, Enoch Wood kó àwọn àwo ilé iṣẹ́ rẹ̀ sábẹ́ ìpìlẹ̀ ilé Ọlọ́run. Kò sí ẹni tí yóò fi wọ́n jẹun, kò sí ẹni tí yóò rà wọ́n. A mọ ilé lé wọn lórí. Àwọn tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ kú, àwọn ọmọ wọn náà kú. A ṣe ìrìbọmi lórí àwo wọ̀nyí, a so yìgì lórí wọn, a gbé òkú kọjá lórí wọn, títí di ọdún 1974, tí a wó ilé ìjọsìn náà. Nígbà náà ni a bá àwọn àwo náà, ọdún 146 lẹ́yìn tí a ti fi wọ́n síbẹ̀. Ilé òkúta ni ó ti lọ, àwo amọ̀ ni ó kù. Wòlíì Jeremáyà ìbá rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ará, bí a bá dúró níhìn-ín, àwa kò ní jẹ́ olóòótọ́ sí yín. Àkójọ ohun àtijọ́ lè di ohun tí a fi ń tan ara wa jẹ. Gbogbo àwo funfun yẹn ní ìtàn mìíràn tí a kò tẹ̀ sára wọn.

Òkúta akọ tí a ń lọ láti mú kí àwo funfun, eruku rẹ̀ a máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí ń lọ̀ ọ́, a sì máa pa wọ́n. Ó burú tó bẹ́ẹ̀ tí Thomas Benson fi gba ìwé àṣẹ ọba ní ọdún 1726 fún ọ̀nà tí a lè fi lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi. Síbẹ̀, eruku kò tán ní ilé iṣẹ́, nítorí pé bí amọ̀ bá gbẹ, eruku náà ni. Òjé wà nínú ohun tí a fi ń mú ara àwo dán. Òjé a sì máa rọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn tí ń ri àwo bọ inú rẹ̀. Ní ọdún 1841, ìjọba rán Samuel Scriven wá láti wo ipò àwọn ọmọdé ní ilé iṣẹ́ wọ̀nyí. Ó bá àwọn ọmọ tí wọn kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa sáré láti àárọ̀ di alẹ́, kí wọ́n máa gbé àwo tútù kúrò níwájú amọ̀kòkò lọ sí yàrá gbígbóná tí a ti ń sá wọn, kí wọ́n sì tún sáré padà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé. Àwo tí ó dára jùlọ tí ó wà nínú ilé àwọn olówó ní ilẹ̀ Yúróòpù, ẹsẹ̀ ọmọ kékeré ni ó sáré yí i ká. Thomas Toft kọ orúkọ rẹ̀ sí etí àwo. Níbo ni a kọ orúkọ àwọn ọmọ wọ̀nyí sí?

Ọ̀rọ̀ náà sì kàn wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1787, Josiah Wedgwood tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan mú amọ̀ dáradára, ó sì ṣe àmì kékeré kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́: ènìyàn dúdú kan kúnlẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì ń bèèrè bóyá òun kì í ṣe ènìyàn àti arákùnrin. Ó ṣe é fún ẹgbẹ́ tí ń jà láti pa òwò ẹrú run, ó sì pín púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn obìnrin a máa fi í sí irun, àwọn ọkùnrin a sì máa fi í sí ìdérí àpótí áásáà wọn. Ní ọdún 1807, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò náà. Nítorí òfin yìí ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣọ́ òkun, nítorí náà sì ni a fi gba ọmọ Òṣogùn kan lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní ọdún 1822, ọdún kan lẹ́yìn tí a kó o. Ajàyí ni ọmọ náà, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Crowther ní ọdún 1864, tí ó sì fi èdè wa fún wa nínú Bíbélì. Àwa kò lè di àmì amọ̀ kékeré yẹn mú kí ọwọ́ wa má gbọ̀n.

Àwa yóò sì sọ èyí tí ó wà ní ọkàn wa. Ìkúnlẹ̀ ọkùnrin inú àmì yẹn kò tẹ́ wa lọ́rùn. Àwọn bàbá wa kò kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú. A dùbúlẹ̀ wọn ni, nígbà tí ọ̀nà bá sì ṣí, wọ́n dìde jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú ọ̀nà tí àwo Staffordshire ń gbà lọ sí òkun, lójú odò tí a fi ọwọ́ gbẹ́ tí a parí ní ọdún 1777, ń já sí Liverpool, èbúté tí ọkọ̀ àwọn olówò ẹrú pọ̀ sí jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Amọ̀ kan náà, èbúté kan náà. Ẹni tí ń kó irú ohun wọ̀nyí jọ gbọ́dọ̀ to àmì náà àti ìwé ọjà náà sórí pẹpẹ kan. Bí ó bá gbé ọ̀kan pamọ́, àkójọ rẹ̀ ti di ìyìn ara ẹni.

Ní báyìí, kí a wá sí ilé. Ẹ̀yin ará, kí ni àwa kó jọ?

Àwa tí a ń kọ̀wé yìí ti wà ní ìjọ kan, tí a kò ní dárúkọ, nígbà tí a wó ilé ìjọsìn alámọ̀ àtijọ́ láti kọ́ èyí tí ó tóbi. A yọ̀ púpọ̀ ní ọjọ́ náà. A lu ìlù, a dá owó. Ẹnikẹ́ni kò bèèrè àpótí tí ó wà ní yàrá àlùfáà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọmọ kan gbé àkàrà wá fún wa láti ojú pópó, inú ewé ìwé tí ó pọ́n ni a sì pọ́n ọn sí. Nígbà tí a tú u, ìwé àkọsílẹ̀ ìrìbọmi ni: orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá, ọjọ́, gbogbo rẹ̀ ní ọwọ́ kátíkíìsì àtijọ́ tí lẹ́tà rẹ̀ gún bí ọ̀pá. A sáré lọ bá obìnrin alákàrà náà. Ó ti lo èyí tí ó pọ̀ jù tán, kò sì mọ̀ pé ohun kan ṣẹlẹ̀, nítorí pé owó rẹ̀ ni ó fi rà á. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà ìjọ náà sùn nínú Olúwa, àwọn ọmọ rẹ̀ wá bèèrè ọdún tí a rì í bọmi, kí wọ́n lè kọ ọ́ sórí ibojì rẹ̀. A kò rí nǹkan kan sọ fún wọn.

Àwọn amọ̀kòkò tiwa náà wà. Ẹni tí ó bá ti dé Ìpetumodù tàbí Dáda ní Ìlọrin yóò ti rí àwọn obìnrin tí ń fi ọwọ́ lásán yí amọ̀ ká, tí wọ́n ń rìn sẹ́yìn yí ìkòkò po dípò kí ìkòkò máa yí, tí àgbá omi ńlá yóò sì jáde tí ó gún bí òṣùpá. Àwo onírin dé, ike dé, a sì sọ ọ̀pọ̀ nínú ìkòkò wọ̀nyí sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yin olùkọ́, àwọn ọmọ kíláàsì yín mọ orúkọ Wedgwood ní òní nítorí pé a ti kọ ọ́ síhìn-ín. Ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ ẹni tí ó mọ ìkòkò omi ilé wọn. Bí ilé kan bá tilẹ̀ ṣì ní ìkòkò omi, ẹ ó rí i pé ìdákẹ́jẹ́ ni yóò bá yín.

A kò ní kí ìjọ kọ̀ọ̀kan kọ́ ilé ńlá fún ohun àtijọ́. Owó kò sí, àwọn òrùlé sì ń jò. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré sí èyí. Kí àwọn wọ́ọ̀dìnì ṣí àpótí yàrá àlùfáà kí oṣù yìí tó parí, kí wọ́n wò ó bóyá ikán ti dé ibẹ̀, kí a sì kó àwọn ìwé ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sí ibi gbígbẹ tí ó ní kọ́kọ́rọ́. Bí ìjọ kan bá fẹ́ wó ilé àtijọ́, kí ó yan ẹni méjì tí iṣẹ́ wọn yóò jẹ́ láti máa bèèrè pé, kí ni èyí, ta ni ó ṣe é, ta ni ó fi í tọrẹ, ẹni tí ó bá sì dáhùn, kí a kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, ìbáà ṣe ìdáhùn tí kò yẹ ìjọ ní ìyìn.

Ní ìjọ tí a wà nísinsìnyí, ìkòkò omi ńlá kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá àlùfáà. Etí rẹ̀ ti ṣá ní ibi kan. A fẹ́ gbé e jù nù ní ọdún tí ó kọjá nítorí pé ó gba àyè. Nígbà tí a bi àwọn àgbà léèrè, ọ̀kan sọ pé bàbá òun bá a níbẹ̀, òmíràn sì sọ pé ará oko kan ni ó rù ú wá. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, ìyá ẹni tí ń lu agogo wọlé wá, ó fi ọwọ́ kan ibi tí ó ṣá náà, ó sì sọ fún wa pé òun mọ ẹni tí ó mọ ọ́n, nítorí pé òun ni ó pọn omi tí a fi po amọ̀ rẹ̀, nígbà tí òun ṣì kéré. Ó dárúkọ obìnrin náà àti ti ìyá obìnrin náà. A mú ìwé yàrá àlùfáà, a sì kọ orúkọ méjèèjì sí i pẹ̀lú ọjọ́ òní.